Kámẹ́rà Tí Kò Ní Pa Pélé Ojú Màmá Rẹ́

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, kámẹ́rà kékeré tó ṣe é fi sápò, téèyàn lè máa gbé kiri lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè sọ ọ́ kí ẹ mọ ibi tí mò ń lọ, àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ màmá mi.

Nígbà tí màmá kú, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn, àwa ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò tí a ó fi ṣe báńà tí a ó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Fate níbí. Ọmọ mẹ́rin ni wá, gbogbo wa la ní fóònù, kò sì sí ẹni tí fọ́tò inú fóònù ẹ̀ kò lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àbúrò mi obìnrin ló mú èyí tí gbogbo wa fọwọ́ sí wá: màmá jókòó sórí àga ní fàráńdà, ìborùn funfun wà lórí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. A gbé e lọ tẹ̀, a gbé e kọ́, ó tóbi, ó ń dán. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ pé àwòrán náà dára.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọn ò wọlé. Wọ́n dúró níwájú báńà náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún sún mọ́ ọn, wọ́n wá pè mí. "Ta lẹ gbé kọ́ síbí yìí?"

Mo ní, "Màmá wa ni o, Màmá Àgbà."

Wọ́n ní, "Níbo ni pélé ojú ẹ̀ wà?"

Mo wo báńà. Ẹ gbà mí gbọ́, láti àná tí a ti gbé e kọ́, n ò rí i. Màmá mi kọ pélé mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, pélé tó tinrín tó sì mọ́, tí wọ́n máa ń sọ pé bàbá wọn ló sanwó fún olóòlà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Nínú báńà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dán gbinrin bí awo tánganran. Fóònù ló fọ̀ ọ́ nù. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù wọ̀nyí tí wọ́n ń pè ní beauty, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pa ìwúnjọ ojú rẹ́, kó máa pa èékú rẹ́, kó sì mú awọ ara funfun díẹ̀. Kò mọ pélé yàtọ̀ sí ìwúnjọ. Ohun tí wọ́n fi abẹ kọ láti fi dá ọmọ mọ̀ nínú ìdílé, fóònù kà á sí àléébù, ó sì bá wa tún un ṣe láìbèèrè. Àbúrò mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà ní títàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a nígbà tó ra fóònù.

Ìyẹn ni mo ṣe lọ wá kámẹ́rà.

Mo gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣì ń ra kámẹ́rà láyé fóònù?" Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan ní ẹgbẹ́ kan tó ń ka iye tí wọ́n kó jáde lọ́dọọdún, CIPA lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn kámẹ́rà kékeré tí lẹ́ǹsì wọn kì í yọ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Lọ́dún 2023, wọn ò tó mílíọ̀nù méjì. Fóònù ló gbé ìyókù mì. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù tọ́ dàgbà ló tún ń sáré wá kámẹ́rà kiri báyìí, títí tí àwọn kan fi wọ́n ju iye tí wọ́n ń tà á nígbà tó jẹ́ tuntun lọ. Ojú ló ń ro wọ́n, àbí àṣà lásán ni? Méjèèjì ni, lójú tèmi.

Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù yìí pàápàá kì í ṣe ọmọ àná. Lọ́dún 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rọ kan tó ń jẹ́ Steven Sasson to àkọ́kọ́ irú ẹ̀ pọ̀ nílé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta àbọ̀, ó ń fi àwòrán pa mọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni àwòrán kan ṣoṣo sì ń gbà kó tó wọlé tán. Fíìmù ni Kodak ń tà, wọn ò fẹ́ kí ohun tí yóò pa fíìmù tètè jáde. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2012, Kodak lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé gbèsè ti kan òun lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bí èèyàn bá fẹ́ ra kámẹ́rà, ohun tí olùtajà á kọ́kọ́ sọ ni megapixel. Ogún ni tibí, ogójì ni tọ̀hún. Ẹ má dá a lóhùn. Ká ní fọ́tò tí a ó gbé kọ́ sógiri pálọ̀ ni, megapixel 12 ti tó o, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi í ni bí yóò ṣe ya ojú àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó wọ aṣọ funfun, tó jókòó sábẹ́ fàráńdà lọ́sàn-án gangan. Ìbéèrè yẹn ni mo fi dán gbogbo kámẹ́rà tí mo rí wò, nítorí pé bí màmá mi ṣe jókòó nìyẹn. Bí Ìlọrin sì ṣe ń jókòó nìyẹn, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lọ́jọ́ wòlímọ̀, lọ́jọ́ ọdún Iléyá.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ni ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó ṣe é ti kọ́ ọ pé ohunkóhun tó bá rí níwájú, bí a bá po gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó gbà pé àwọ̀ eérú ni, irú èyí tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Nígbà tí agbádá funfun àti ògiri funfun bá gba gbogbo ojú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Agbádá á jáde dáadáa, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á di èédú. Àwọn tó ń sọ pé "dúdú mi ti pọ̀ jù fún fọ́tò" kò mọ̀ pé kámẹ́rà ló ṣi ìṣirò ṣe.

Àìsàn yìí ti pẹ́. Nígbà tó jẹ́ fíìmù là ń lò, káàdì kan wà tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí ara Shirley bá ti jáde dáadáa, àwọ̀ ti pé nìyẹn. Lorna Roth, olùkọ́ ní yunifásítì Concordia ní Kánádà, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 2009. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ Kodak ni pé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo pé àwọ̀ búráùn ọjà àwọn kò jáde bó ṣe yẹ, kí ilé-iṣẹ́ náà tó mójú tó o. Ẹ ò rí nǹkan! Àga onígi rí alágbàwí ṣáájú ọmọ èèyàn.

Lóde òní, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, àwọn onífóònù ti gbìyànjú. Transsion, ilé-iṣẹ́ ọmọ Ṣáínà tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, mọ̀ pé Áfíríkà ni ọjà òun wà, awọ dúdú ló sì fi ṣe ìpolówó kámẹ́rà ẹ̀. Google náà gbé ohun tó pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6 lọ́dún 2021. N ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ojú wa mọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ojú wa jẹ́ ojú wa jẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun tó pa pélé màmá mi rẹ́ kì í ṣe òkùnkùn.

Ẹnìkan á ní àwọn fótógíráfà àtijọ́ náà kì í sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague, òyìnbó ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó ti dé Ìlá Ọ̀ràngún, ó ti bá àwọn fótógíráfà ibẹ̀ jókòó. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò méjèèjì pọ̀: wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, ìbejì á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin tí alààyè sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un kí wọ́n tó ya ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ìyá ọmọ mọ̀, fótógíráfà mọ̀, àdúgbò mọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe é, nítorí pé ìbejì kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó kù ni wọ́n ń wá padà. Tiwa yìí, ẹni tó wà ni wọ́n pa rẹ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ ẹnikẹ́ni.

Sprague yìí kan náà ló tún ṣàkíyèsí bí àgbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: aṣọ ńlá lọ́rùn, ojú kọ kámẹ́rà gangan, ọwọ́ méjèèjì lórí itan tàbí lórí orúnkún, gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ wo ògiri pálọ̀ yín, ẹ ó rí ọ̀kan. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ọ̀nà tó yẹ kó wà láàárín ẹni tó ń yà á àti ẹni tí wọ́n ń yà. Lẹ́ǹsì fóònù fẹ̀, nǹkan bíi 24 sí 26 milimítà ni bí a bá fi wé ti fíìmù àtijọ́. Bí ojú àgbà bá máa kún inú ẹ̀, àfi kí o na fóònù sí wọn nímú. Imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, orí á rí bí ẹ̀gúsí. Ta ló sì ń sún mọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ yẹn? Lẹ́ǹsì tó dé 70 tàbí 100 milimítà ló ń jẹ́ kéèyàn dúró níbi tó yẹ kí ọmọ dúró sí, kí ojú sì jáde bó ṣe wà.

Ẹ má rò pé ó dìgbà téèyàn bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú lọ́dún 2014, kámẹ́rà Brownie tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950, Brownie sì wà lára àwọn kámẹ́rà tí owó wọn kò pọ̀ láyé ìgbà náà. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ṣùkú, onílé gogoro, gbogbo ẹ̀, títí tó fi súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn orí ló ń yà, láìsí ojú. Bí ẹ bá wo ọ̀kan, ẹ ó lè ka iye ìlà tó wà láàárín irun. Kò sí ohun tó dán nínú iṣẹ́ ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn ni mo fi ń wọn kámẹ́rà: ṣé a lè ka ìlà?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọjà.

Èyí tí gbogbo ayé ń pariwo ni Fujifilm X100VI, tó jáde lóṣù kejì ọdún 2024. Ó rẹwà. Mo dì í mú lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan níbi ìgbéyàwó ní Tanke, n ò fẹ́ dá a padà. Lẹ́ǹsì 35 milimítà tó gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, megapixel 40, fíláàṣì wà lára ẹ̀, bátìrì ẹ̀ ń ya tó 450. Ṣùgbọ́n dọ́là 1,599 ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde, àti láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ti rí. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì náírà kó tó dé Èkó. Ó tún wúwo ju ìdajì kílò lọ, àpò ṣòkòtò kò gbà á. Kámẹ́rà tí mo bá gbé wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà tí àyà mi ń já láti Fate dé Post Office, kámẹ́rà ọjọ́ ọdún ni, kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

Ricoh GR III ni àwọn tó mọ̀ máa ń fi búra, ó jáde lọ́dún 2019 ní dọ́là 899. Ó wọ àpò ní tòótọ́, gíráàmù 257 péré, ojú inú ẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, tóbi bíi ti kámẹ́rà ńlá. Síbẹ̀ n ò ní í rà á. Lẹ́ǹsì ẹ̀ 28 milimítà ni, kò sì lè sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀. Kò ní fíláàṣì kankan. Bátìrì ẹ̀ kò ju 200 lọ. Ẹdùn tó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń lò ó ni pé eruku máa ń wọ inú ẹ̀ lọ bá sẹ́ńsọ̀. Ẹdùn yìí ń wá láti àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ lóṣooṣù o! Ẹni tó bá gbé e jáde ní Ìlọrin nígbà ọyẹ́, tí pupa ilẹ̀ gbé sókè tí a ò rí òrùn, ó ti fi owó ẹ̀ tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ fíláàṣì yìí, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn, nítorí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa kámẹ́rà máa ń sọ pé kò wúlò. Òòrùn tibí orí ló ń dúró sí. Fìlà àti gèlè á ju òjìji sójú, ihò ojú á di ihò. Fíláàṣì kékeré lọ́sàn-án, kí ẹ dín agbára ẹ̀ kù, ló ń lé òjìji yẹn lọ. Àwọn fótógíráfà wa àgbà mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí mi. Kámẹ́rà tí kò ní in, kò tíì mọ ibi tí à ń gbé.

Canon G7 X Mark III, ọdún 2019 kan náà, dọ́là 749. Lẹ́ǹsì ẹ̀ ló dára jù fún ohun tí mò ń wá: láti 24 dé 100 milimítà, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé títí dé òpin. Fíláàṣì wà. Ojú ẹ̀ ń yí sókè. Kí ló wá burú? Àwọn ọmọge orí TikTok ti gbé e níyàwó, tókunbọ̀ ẹ̀ pàápàá ti di ọ̀wọ́n gógó. Bí ẹ bá rí i lówó tó bójú mu, ẹ má bi mí kí ẹ tó rà á.

Àwọn kékeré bíi Canon IXUS 285 HS ti ọdún 2016 náà wà, gíráàmù 147, ó fúyẹ́ bí búrẹ́dì ẹlẹ́yọ kan. Lọ́sàn-án ó dára. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ kò ju ti fóònù lọ, lẹ́ǹsì ẹ̀ á sì ṣókùnkùn bó bá ti sún mọ́ nǹkan, nítorí náà fọ́tò òru á rí bí ẹni da iyanrìn sí i. Bátìrì ẹ̀ tún gbọ́dọ̀ jáde síta kó lọ jókòó sínú ṣájà tara ẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ògiri. A ṣì ń pè é ní NẸ́PÀ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ló ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ wa báyìí, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń rí. Kámẹ́rà tó ń gba iná nípasẹ̀ wáyà USB, téèyàn lè so mọ́ power bank, ni kí ẹ máa wá. Òyìnbó tó ń kọ ìwé kámẹ́rà kì í ka ìyẹn sí nǹkan. Ní Fate, òun ni ìdajì ọ̀rọ̀.

Olympus Tough TG-6, ọdún 2019, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó mi. Omi ò wọ̀ ọ́, eruku ò wọ̀ ọ́, bó bá já bọ́ láti orí èèyàn kò ní fọ́, lẹ́ǹsì ẹ̀ kì í yọ síta rárá. Ọyẹ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí mo bá jẹ́ àgbẹ̀ tàbí bírìkìlà, òun ni n bá rà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ló pa á lójú mi, nítorí àwọn àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu tiwa, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó tutù.

Èyí tí mo wá rà ni Sony RX100, àkọ́kọ́ gan-an, ti ọdún 2012. Àtẹ̀yìnbọ̀ ẹ̀ pọ̀, Sony ṣe é dé nọ́ńbà keje, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yìí ni owó mi ká. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ jẹ́ milimítà 13.2 lọ́nà 8.8. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ti IXUS yẹn. Lẹ́ǹsì láti 28 dé 100, fíláàṣì tó ń fò jáde, gíráàmù 240, wáyà USB ló ń fún un níná. Àléébù ẹ̀? Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀, ojú ẹ̀ kì í yí, bí ẹ bá sì sún un dé 100 lẹ́ǹsì á ṣókùnkùn díẹ̀. Lẹ́ǹsì tó ń yọ síta náà ni, nítorí náà eruku lè rí ọ̀nà. Inú ọ̀rá tó ń pa ẹnu dé ni mò ń gbé temi sí, n kì í sì í tàn án níta nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Ẹ̀kọ́ olówó iyebíye ló kọ́ mi nìyẹn. Kámẹ́rà méjì ni mo rà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́, n ò ní dárúkọ ẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á, tókunbọ̀ ni, ó dán bí ojú dígí. N ò yẹ̀ ẹ́ wò, inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò nínú ọyẹ́, lẹ́ǹsì yọ síta, ó há síbẹ̀, ó ń ké kí-kí-kí bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Mo gbé e padà. Ọmọkùnrin náà fi ìka han mí lára ìwé owó: kò sí dídá owó padà lẹ́yìn téèyàn bá ti sanwó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Mo bínú.

Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Mo tan án sí lẹ́ǹsì láti ẹ̀gbẹ́, mò ń wá nǹkan tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú, èébu ni, kì í lọ mọ́ bó bá ti wọ̀ ọ́. Mo tàn án, mo pa á, ní ìgbà mẹ́wàá, mo gbé etí sí i. Mo sún un lọ, mo sún un bọ̀. Mo fi fíláàṣì yìn ín ní ìgbà márùn-ún. Mo kì wáyà bọ̀ ọ́ kí n rí i pé iná wọlé. Mo ya ògiri funfun kan, mo wò ó bóyá tóótòòtó dúdú wà níbẹ̀. Olùtajà ní, "Alàgbà, ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?" Mo ní akọ̀ròyìn ni mí, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo wá ibi tó ti ń tún awọ ojú ṣe nínú ẹ̀, mo pa á. Bẹ́ẹ̀ ni, kámẹ́rà náà ní in. Ó yàtọ̀ sí fóònù ní ti pé bí mo ṣe pa á, ó pa á, kò tún dìde padà lọ́jọ́ kejì. Bọ́tìnnì tó ní àmì + àti − náà wà níbi tí àtàǹpàkò ti lè kàn án: + 0.7 fún awọ dúdú nínú aṣọ funfun, nígbà mìíràn + 1. Káàdì méjì ni mò ń lò, oṣooṣù ni mo sì ń tẹ èyí tó dára jáde sórí ìwé, nítorí fóònù tí wọ́n jí lápò àbúrò mi ọkùnrin gbé ọdún mẹ́ta ìgbésí ayé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo rà á, Màmá Àgbà wá kí wa. Mo gbé àga sí fàráńdà, àga kan náà. Wọ́n lọ wọ aṣọ òkè wọn, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ yà wọ́n pẹ̀lú èyí tí wọ́n wọ̀ bọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí mi gangan, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Mo dúró lókèèrè, mo sún lẹ́ǹsì dé nǹkan bíi 70, mo gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, mo dín fíláàṣì kù. Mẹ́fà ni mo yà. Èyí kẹrin ló jáde.

Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi èékánná ka pélé tiwọn lórí gíláàsì kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta. Wọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì wò. Mẹ́ta.

Wọ́n ní, "Ó pé. Mélòó lo fẹ́ tẹ̀?"

Mo ní ẹyọ kan ni, ńlá, tí wọn ó gbé kọ́ sí pálọ̀ wọn.

Wọ́n ní, "Tẹ méjì. Fi ọ̀kan pa mọ́ sọ́wọ́ tìẹ, òun ni kí ẹ gbé kọ́ lọ́jọ́ tèmi."

Méjì ni mo tẹ̀.